Atẹ̀wọ̀nrọ̀: ṣé inú ìràwọ̀ mìíràn ni ọ̀run tí wọ́n ní a ti wá wà?

Ìbéèrè: Àwọn kan ń sọ pé ọgbà tí wọ́n ti lé Ádámù jáde kò sí láyé yìí rárá, pé inú Àgùàlà (Venus) tàbí inú Mars ló wà. Wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, pé ẹ̀wọ̀n tí Odùduwà fi rọ̀ sí Ifẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n lásán, ọkọ̀ tó gbé e wá láti inú ìràwọ̀ mìíràn ni. Ṣé ohun tí Atẹ̀wọ̀nrọ̀ túmọ̀ sí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Orúkọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn tó bí i kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè náà nítumọ̀ gan-an, torí ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn bóyá òkè ni ọgbà náà wà tàbí orí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sábà máa ń dá ìjà ọ̀hún sílẹ̀: rọ̀, tàbí sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ náà. A, tẹ̀, ẹ̀wọ̀n, rọ̀: ẹni tó tẹ ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀. Òjò ni a máa ń sọ pé ó rọ̀. Kí nǹkan ti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ bí òkè náà ṣe jìnnà tó, kò sì sọ irú ibi tó jẹ́. Ẹrù tí wọ́n gbé sọ̀ ló wá yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa: yẹ̀pẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, àti ọ̀gà. Omi ló bo gbogbo ìsàlẹ̀. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ fi ẹsẹ̀ tan án káàkiri, ọ̀gà sì rọra gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì bó ṣe máa ń rìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà ti le tó ẹni tí ń tẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti fẹ̀ ni wọ́n ní ó di Ifẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán àwọn tó rọ̀ yìí. Ọbàtálá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún, ẹmu pa á lọ́nà, Odùduwà sì gbà á ṣe. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó lé wọn kúrò níbì kankan, kò sì sí ọgbà tí wọ́n pàdánù. Ẹni tó bá sọ pé ìtàn Ádámù lèyí ní aṣọ mìíràn ti fo ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn òpìtàn máa ń gbà túmọ̀ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kanlẹ̀. Wọ́n ní orí Òkè Ọ̀rà, nítòsí Ifẹ̀, ni Odùduwà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀, pé nígbà tó yá ni òkè wá di ọ̀run lẹ́nu àwọn akéwì. Àbá ni èyí náà, ṣùgbọ́n àbá tó ṣeé yẹ̀ wò ni: òkè náà wà níbẹ̀, èèyàn lè gùn ún kó sì wo ìlú láti orí rẹ̀.

Níbo ni ti ìràwọ̀ wá ti wọlé? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ láti òfurufú yìí gbòde ní Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 1968, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ lédè wa ni pé ọ̀run àti oòrùn jọra, nítorí náà “ará ọ̀run” ni “ará oòrùn”. Ẹni tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nìkan ni èyí lè tàn. Ọ̀run, ọrùn, ọrun tí à ń ta ọfà, oòrùn, oorun, òórùn: mẹ́fà ni wọ́n, kò sì sí èyí tó bí èkejì. Ohùn ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀run, ọ̀tọ̀ ni ti oòrùn, fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ wọn pàápàá yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìtumọ̀ báyìí wá, ẹ ní kó fi àmì sí i kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ọ̀run fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì. Èyí tí ojú ń rí ni ojú ọ̀run, tó tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfara kanra, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ wà. Èkejì ni ilé tí a ti wá tí a ó sì padà sí, nígbà tí ayé jẹ́ ọjà. Èkejì yìí kò sí lókè nìkan. Ẹ wo Egúngún: ará ọ̀run ni gbogbo ìlú ń pè é, síbẹ̀ ìgbàlẹ̀ ló ti ń jáde, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀ nínú eruku, àwọn ọmọdé ń sá fún un. Bó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ kan ni ọ̀run, ojú òkè ni à bá máa wò bí ọdún eégún bá dé. Bàbá tó kú, inú ilẹ̀ la tẹ́ ẹ sí, ọ̀run la sì ní ó lọ. Yorùbá kò rí ohun tó takora nínú èyí, torí pé ipò tí èèyàn wà ni ọ̀run ń sọ jù, kì í ṣe iye kìlómítà.

Ẹni tó ń wá ìtàn Yorùbá nípa ohun rere tó sọnù, kó má fi Atẹ̀wọ̀nrọ̀ ṣe wàhálà. Ìtàn náà wà. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ọ̀run súnmọ́ ilẹ̀ débi pé èèyàn lè na ọwọ́ kàn án. Àwọn kan sọ pé oúnjẹ wà níbẹ̀, pé oníwọra kan bù jù. Àwọn mìíràn sọ pé obìnrin kan fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ojú ọ̀run tó mọ́ tónítóní. Bí ọ̀run ṣe gbéra sókè nìyẹn. Àwọn Akan ní Gánà ní ìyá arúgbó kan ló ń gún fùfú, tí orí ọmọ odó rẹ̀ ń gbá Onyankopɔn, Ọlọ́run wọn, lókè, títí tó fi sún sókè kúrò ńlẹ̀. Àwọn Dinka ní Gúúsù Sudan ní okùn kan so ayé mọ́ ọ̀run. Obìnrin tó ń gún ọkà fi ọmọ odó gígùn gbá Ọlọ́run, ẹyẹ kékeré kan sì já okùn náà. Ọwọ́ àti ọmọ odó, àárín oúnjẹ ojoojúmọ́ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ìtòsí ni wọ́n pàdánù. Ìtàn yìí jinlẹ̀ ju ti ọkọ̀ òfurufú lọ fíìfíì, ó sì dunni pé àwọn tó ń wá àdììtú kiri kì í dúró tì í.

Ifá náà sọ ti àdánù ojú ọ̀nà. Nínú odù Ogbègúndá, Orísèékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n lójú, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sáyé, òjò pa wọ́n, amọ̀ náà sì ń họ diẹ̀diẹ̀ títí orí fi tín-ín-rín. Afùwàpẹ́ tó ní sùúrù tó sì gba ìmọ̀ràn ló rí orí gidi mú.

Ti ẹ̀sìn Mùsùlùmí wá ńkọ́? Àlùjánnà tí à ń pè lédè wa, láti inú Lárúbáwá ló ti wá, ọgbà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Níbí gan-an ni àríyànjiyàn tó ní láárí lórí bóyá ọgbà náà kọjá ayé yìí wà. Nínú súrà kejì, áyà 36 àti 38, ihbiṭū ni wọ́n sọ fún Ádámù: ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù gbà pé láti sánmọ̀ ni. Àwọn mìíràn tọ́ka sí áyà 61 nínú súrà kan náà, níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú kan, bẹ́ẹ̀ wọn kò sí lójú ọ̀run nígbà náà. Wọ́n tún ní súrà 15, áyà 48 sọ pé a kì í lé ẹni tó bá wọ Àlùjánnà jáde. Bá wo ni wọ́n ṣe wá lé Ádámù? Ibn al-Qayyim, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tó kú ní 1350, to àlàyé ìhà méjèèjì sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ “sọ̀kalẹ̀” nìkan kò tó láti fi dájọ́.

Jẹ́nẹ́sísì ní tirẹ̀ ti so Édẹ́nì mọ́lẹ̀: odò mẹ́rin ló dárúkọ nínú orí kejì, Tígírísì àti Yúfírétì sì ń ṣàn ní Ìráàkì títí dòní. Ẹni tó bá gbé ọgbà náà lọ sí Mars ní láti sọ ibi tó kó odò sí.

Ọ̀rọ̀ Mars pàápàá, àṣìtúmọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1877, Giovanni Schiaparelli, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Milan, rí àwọn ìlà kan lójú Mars, ó pè wọ́n ní canali. Lédè Ítálì, ojú ipa omi lásán lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kà á sí odò tí ọwọ́ gbẹ́. Percival Lowell kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Flagstaff ní Arizona ní 1894, ó sì ń kéde pé àwọn ọlọ́gbọ́n tí ayé wọn ń gbẹ ló gbẹ́ ẹ, láti fa omi wá láti ibi yìnyín. Ní oṣù keje 1965, Mariner 4, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, kọjá níbẹ̀, ó ya àwòrán: kòtò àti aṣálẹ̀.

Àgùàlà ńkọ́? Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Àwọn onímọ̀ náà ṣe bí ọgbà ni, nítorí ìkùukùu bò ó. Ní 1918 Svante Arrhenius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, kọ ọ́ pé irà tó rin gbingbin tó kún fún ewéko ni. Mariner 2 kọjá lẹ́bàá rẹ̀ ní 1962, ó rí i pé iná ni. Venera 7, ọkọ̀ òfurufú Soviet, balẹ̀ síbẹ̀ ní 1970. Nǹkan bí 465 ni ooru rẹ̀ lórí ìwọ̀n Celsius, òjé yóò yọ́ síbẹ̀ bí òrí. Atẹ́gùn ibẹ̀ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 90 ti ayé, carbon dioxide ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí ooru ráyè jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí kọ ìtàn àròsọ, ó dára, ohun àmúyangàn ni yóò jẹ́ lédè wa. Kó má ṣáà pe plánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀run. Ìràwọ̀ tàbí ayé mìíràn ni kó pè é, kí ọ̀run lè dúró fún ohun tó jẹ́. Bó bá sì ń wá ohun tó ba ibẹ̀ jẹ́, kó wo ọwọ́ tó bù jù ju ejò lọ.

Àwọn ará Brazil ti fi hàn wá pé ìtàn náà ṣì lè bí ọmọ tuntun. Orum àti Aiê ni wọ́n ń pe ọ̀run àti ayé nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn. Ìtàn kan níbẹ̀ sọ pé èèyàn kan fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan Orum, Òṣàálá, ìyẹn Ọbàtálá, fẹjọ́ sùn, Olódùmarè sì fi èémí ya méjèèjì nípa. Àárò ayé wá ń sọ àwọn òrìṣà. Ọlọ́run gbà kí wọ́n máa wá, bí wọ́n bá lè rí ara èèyàn gùn. Ọ̀ṣun ló sọ̀ kalẹ̀ wá tún ara náà ṣe: ó wẹ àwọn obìnrin, ó fá orí wọn, ó fi ẹfun ṣe àmì kínníkínní sí wọn lára bí ìyẹ́ ẹtù, ó fi ìkóódẹ kan ṣoṣo sí wọn níwájú orí, ó fi ìdè sí wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn onílù bẹ̀rẹ̀.