Ọmọ Mi Fẹ́ Tẹ̀lé Àwọn Òṣèré Lọ

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Onílù, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń tà ní Kétu, nílẹ̀ Benin. Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ òṣèré kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá ṣeré níbí. Ọmọ télọ̀ kan ló wà nínú eré náà, bàbá rẹ̀ fẹ́ kó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ kò tíì mọ ohun tóun fẹ́ dà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, ti ní àfi kóun tẹ̀lé wọn. Oṣù 4 ló kù kó ṣe BEPC, ìdánwò àṣeparí ìpele àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo bá a wí títí, kò gbọ́.
— Ìyá kan, Kétu

ÌDÁHÙN: Ìyá, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ọdún 9 ni mo fi lu dùndún fún àwọn òṣèré alárìnkiri. Ọmọ yín rí wa lórí ìtàgé, kò rí wa lóru tá a ti bọ́ọ̀sì nínú ẹrẹ̀ lọ́nà Pobè, tí àpótí aṣọ eré wà lórí mi, tómi ń ro láti inú rẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Ẹ má bá a jà mọ́. Ẹ bi í pé: "Ibo gan-an nínú eré yẹn ló dùn ọ́ jù?" Tó bá ní ibi tí ọmọ yẹn ti kọjú sí bàbá rẹ̀ ni, ẹ̀yin ló ní ọ̀rọ̀ bá sọ, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ. Tó bá ń sọ bí wọ́n ṣe yí ohùn padà, bí ìlù ṣe gbé ẹsẹ̀ wọn, iṣẹ́ ló ń wù ú nìyẹn.

Kétu tẹ́ ẹ wà làwọn àgbà ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó àwọn tó ń gbé ère igi lórí, ti ṣẹ̀, èyí tí UNESCO kéde fáyé gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà lọ́dún 2001. Ẹ sáà mọ̀ pé ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jáde lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ wọn á ṣi ìlù, a ò ní lé wọn, a ò sì ní gbé ère igi àgbà lé wọn lórí. Ilé ìyá wọn ni wọ́n ń padà sùn. Ẹ mú un lọ bá àwọn onílù ibẹ̀ ní Sátidé, kó máa kàwé láwọn ọjọ́ yòókù.

Bí ẹgbẹ́ náà bá padà wá, ẹ lọ bá ọ̀gá wọn fúnra yín. Ẹ bi í pé ibo làwọn ọmọdé ń sùn. Èyí tó bá fẹ́ gba ọmọ ọdún 16 láìrí òbí rẹ̀, ẹ má fi ọmọ lé e lọ́wọ́.

Tí ọmọ yín bá dáhùn ìbéèrè tí mo ní kẹ́ ẹ bi í, ẹ kọ ohun tó sọ gan-an ránṣẹ́ sí mi.