Òwú Yìí Já Níbí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí, èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tákíé. Mo rí fídíò orin Bach, olórin ará Jámánì ayé àtijọ́, tí Stephen Malinowski, ará Amẹ́ríkà, ṣe: ìlà aláwọ̀ ń kọjá bí nóòtù ṣe ń dún. Mo ṣe tèmi, mo fi pupa sí ọwọ́ ọ̀tún, búlúù sí ọwọ́ òsì, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò yé àwọn. Kí ni mo ṣì ṣe? — Onídùùrù, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àṣìṣe tèmi gan-an lo ṣe yìí. Fugue C minor, tó wà nínú ìwé Bach ti ọdún 1722, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fugue ni orin tí ohùn kan ń dá bẹ̀rẹ̀, tí àwọn yòókù á wá máa gba orin náà níkọ̀ọ̀kan. Báà (ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pín orin sí) 31 péré, ohùn mẹ́ta. Èmi náà fi àwọ̀ pín ọwọ́. Nígbà tí mo parí, mo gbé e lọ han ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọ̀yọ́, tó ń hun òfì. Wọn ò mọ Bach, wọn ò sì béèrè. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fìka kan ojú kọ̀ǹpútà: “Òwú yìí já níbí. Ibo ló gbà lọ?”

Báà keje ni. Ohùn àárín ló ń dá bẹ̀rẹ̀ orin náà, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn òkè wọlé ní báà kẹta. Nígbà tí báàsì dé ní báà keje, ọwọ́ òsì sáré lọ pàdé rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì gba ohùn àárín mọ́ ti òkè. Etí ń gbọ́ ohùn kan tí kò dúró; ojú ń rí búlúù tó ṣàdédé di pupa.

Nítorí náà, ohùn ni kó o fún ní àwọ̀. Nínú MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ nóòtù orin, ọ̀fẹ́ ni, kọ ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bíi pé akọrin mẹ́ta ló fẹ́ kọ ọ́, kó o tó sọ ọ́ di fáìlì MIDI, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà nóòtù tó dún àti ìgbà tó dún. Mo fi sányán sí òkè, àlàárì sí àárín, ẹtù sí báàsì. Ẹtù bá dúdú ẹ̀yìn fídíò lọ, báàsì pòórá! Mo fi búlúù ojú ọ̀run rọ́pò rẹ̀, inú màmá ò sì dùn sí i títí dòní.

Má jẹ́ kí àwọ̀ mọ́lẹ̀ sí i torí pé o tẹ nóòtù kan líle. Harpsichord, irú dùùrù kan tí wọ́n ń tẹ̀ láyé Bach, ńṣe ló ń ta okùn bí ẹni ta gìtá. Bó o gbá a, bó o rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló ń dún.

Tí bíìtì bá jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú kan, lo àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nóòtù tó jẹ́ ìdá mẹ́rin bíìtì á gba àwòrán 6 géérégé. Mo lo 30 rí, ó di 7 àti ààbọ̀, ìlà ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú.

Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni kó o jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú, má dúró de fídíò lódindi. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ibi tó dúró sí lo ti máa bá a lọ. Èmi ò mọ̀yẹn nígbà náà. Báà 28 ni iná ti gba tèmi.