Kí ló dé tí mítà lésà kì í ríran níta lọ́sàn-án?

Ọ̀kún o, àbúrò mi tó béèrè láti Ìsánlú. O ní mítà lésà tí o rà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá, àmọ́ tí o bá gbé e síta lọ́sàn-án, kò ní fún ọ ní iye kankan. Kò bàjẹ́ o. Oòrùn ló borí rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń rán lọ bá ògiri, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà wá. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, aago wo ló fẹ́ ka àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ nínú yàrá mítà mẹ́rin? Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí irú èyí tí à ń fi ọwọ́ mú ni pé ìmọ́lẹ̀ náà ń le, ó ń rọ̀, léraléra, bí ìlù. Ìlù tó padà dé á pẹ́ díẹ̀ sí èyí tó ń jáde. Bó ṣe pẹ́ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń padà yìí kò tó nǹkan rárá, ìyẹn ni oòrùn fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi máa ń wọn tèmi kí oòrùn tó mú, tàbí tí ó bá ti rọlẹ̀. Mo tún ní pákó pẹlẹbẹ kan tí mo kùn ní ọ̀dà funfun, òun ni mo ń gbé ti òpó tí mo fẹ́ wọn dé. Gíláàsì àti páànù tuntun a máa tan ẹ̀rọ jẹ. Ara àpáta dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Má sì tàn án sójú ọmọdé láé.

Ṣùgbọ́n oòrùn kọ́ ló jẹ mí níyà jù. Lórí ilé kan ní Kàbà, mo fi ìdí ẹ̀rọ ti ògiri, mo tẹ̀ ẹ́, mo pe iye tó kọ fún kápẹ́ńtà. Gbogbo igi òrùlé tí a gé ló kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 11. Ẹnìkan ti yí i sí kíkà láti iwájú, gígùn ara ẹ̀rọ kò sì wọ inú ìṣirò. Igi mẹ́rìnlá! Èmi ni mo sanwó wọn. Àmì kékeré kan wà lójú ẹ̀rọ tó ń fi ibi tó ti ń kà hàn; jọ̀ọ́, máa wò ó.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀ ni mo ń fi téèpù àti lésà wọn ẹnu ọ̀nà kan náà. Tí méjèèjì ò bá bára mu, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé igi kankan.