Ìbéèrè yín lórí kámẹ́rà fíìmù: ṣé lóòótọ́ ni fótò Nikon mọ́ ju ti Pentax lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Onífótò kọ́ ni mí, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà fíìmù àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí lẹ́nsì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Pentax K1000 àti Nikon FM2 lọ́wọ́. Ó ní fótò Nikon mọ́ ju ti Pentax lọ, pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé kí n wá owó kún un kí n ra Nikon?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun. Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ó sì ń bí mi nínú, torí owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ.

Kámẹ́rà fíìmù kọ́ ló ń mú fótò mọ́. Fóònù àti kámẹ́rà ìgbàlódé ló ṣi gbogbo wa lọ́nà. Nínú ìyẹn, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà nínú kámẹ́rà gan-an. Bí o bá pààrọ̀ kámẹ́rà, ohun tó ń ríran lo pààrọ̀ yẹn. Ti àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ló ń gba ìmọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni o ti ń rà á. Lẹ́nsì ló ń darí ìmọ́lẹ̀ náà síbẹ̀. Kí ló wá kù fún kámẹ́rà láti ṣe? Kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kó di fíìmù mú kó tẹ́jú, kó ṣí ṣọ́tà, ìyẹn aṣọ tàbí irin tó bo fíìmù lójú, fún ìwọ̀n àkókò tí o dá fún un, kó sì tì í padà. Èyí tó bá ṣe èyí ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Fi fíìmù kan náà sínú méjèèjì, kí kálukú ní lẹ́nsì 50mm tó mọ́, ya ẹnì kan náà nínú oòrùn kan náà. Èmi tí mò ń tú kámẹ́rà jẹun kò lè wo fótò náà kí n sọ èyí tó ti inú Nikon jáde.

Ṣọ́tà tó yára wà lára ohun tí Nikon fi gbówó lérí. Láti ìgbà tí FM2 ti jáde ní 1982 ni tirẹ̀ ti ń dé 1/4000 ìṣẹ́jú àáyá. Ti K1000, tó jáde ní 1976, kò kọjá 1/1000. Bí o bá fi fíìmù ISO 400 (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) ya èèyàn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ṣọ́tà 1/500 pẹ̀lú ihò lẹ́nsì f/16 ló máa ń bá a mu (bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé f bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe fẹ̀ tó). Bí o bá wá fẹ́ fẹ ihò lẹ́nsì kí ẹ̀yìn ẹni náà rí bàìbàì, ṣọ́tà gbọ́dọ̀ yára sí i kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀ jù: K1000 á bá ọ dé f/11, Nikon á bá ọ dé f/5.6. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n kò kan mímọ́ fótò. Méjèèjì ló sì ń ya fótò láìsí bátìrì. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lò ó. (Canon AE-1 ni kì í yà rárá bí bátìrì bá ti kú.)

Nítorí náà, èyí tí ara rẹ̀ le jù ni kó o rà. Tan iná fóònù gba inú lẹ́nsì kọjá. Bí o bá rí nǹkan tó ta bí òwú aláǹtakùn, lẹ́nsì náà ti bu nìyẹn. Ọ̀rinrin ló ń fà á. Ẹni tó bá ní òun á fi sípíríìtì nù ún, má dá a lóhùn: bó bá ti jẹ ojú dígí, àpá rẹ̀ kì í lọ. Fóòmù etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lè ti máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje. Ìyẹn kò le, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Yọ lẹ́nsì, ṣí ẹ̀yìn, kó o máa wo bí ṣọ́tà ṣe ń ṣí láti 1 ìṣẹ́jú àáyá sókè, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan gbé kámẹ́rà wá bá mi tí wọ́n ti fín epo sínú rẹ̀ lórúkọ àtúnṣe. Gbogbo abẹ ṣọ́tà rẹ̀ ló ti lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń fín epo sínú kámẹ́rà, sá fún un!

N kò rí méjèèjì lójú, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún èyíkéyìí. Bẹ ọ̀gbẹ́ni náà kó jẹ́ kó o ya fíìmù kan, kó o fọ̀ ọ́, kó o tó san owó tán. Bí Pentax bá yege, òun ni kó o mú, kó o fi owó tó kù ra fíìmù.

Ohun kan tún wà. Mítà wọn gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun mọ́ níwọ̀n bí eérú. Bí ìyá rẹ bá wọ léèsì funfun níwájú ògiri funfun, mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ojú màmá á sì ṣú. Sún mọ́ wọn, wọn ìmọ́lẹ̀ ojú wọn, kó o tó padà sẹ́yìn yà wọ́n. Ẹyinjú wọn ni kó o máa wò bí o ṣe ń yí lẹ́nsì. Láàárín ibi tí ò ń wò nínú K1000, àwòrán á máa wárìrì bí ojú omi títí ojú wọn á fi jáde kedere lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Má kánjú níbẹ̀. Adùn rẹ̀ gan-an nìyẹn.

K1000 kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa mítà. Bí o bá ti yà tán, fi ìdérí bo lẹ́nsì, kí bátìrì LR44 inú rẹ̀ má bàa tán lásán.