Ṣé Júù ni Ábúráhámù?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlọrin. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa. Ẹnì kan ní Júù ni Ábúráhámù. Ẹlòmíràn ní rárá, Hébérù ni, pé Jésù pàápàá kì í ṣe Júù, Hébérù lòun náà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orúkọ méjèèjì yàtọ̀ síra ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, wọ́n yàtọ̀. Ábúráhámù bí Ísáákì, Ísáákì bí Jékọ́bù, Jékọ́bù ló wá bí Júdà, ara orúkọ Júdà la sì ti rí Júù. Báwo la ṣe fẹ́ fi orúkọ ọmọ tí wọn ò tíì bí pe baba ńlá rẹ̀? Ará Hébérù ni Jẹ́nẹ́sísì 14:13 pè é, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti kọ́kọ́ jẹyọ nínú Bíbélì. Ẹnì kejì yín gbà á níbẹ̀. Ti Jésù ló ṣì, màá padà sórí ẹ̀.

Wo ibi tí Hébérù ti máa ń wáyé nínú Májẹ̀mú Láéláé. Àjèjì kan kì í sábà jìnnà sí i. Ìyàwó Pọ́tífárì fi pe Jósẹ́fù nígbà tó ń purọ́ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin Fáráò fi pe ọmọ tó bá nínú apẹ̀rẹ̀ létí odò. Nígbà tí Mósè dúró níwájú Fáráò, Ọlọ́run àwọn Hébérù ló ní ó rán òun. Láàárín ara wọn, ọmọ Ísírẹ́lì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Ti Jónà ni mo fẹ́ràn jù. Ìjì ń jà, àwọn atukọ̀ ti da ẹrù sókun, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké mú un. Ni wọ́n bá da ìbéèrè bò ó: Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Níbo lo ti ń bọ̀? Ọmọ ìlú wo ni ọ́? Gati-Héférì nílẹ̀ Sébúlúnì ni wọ́n ti bí Jónà, níhà àríwá. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn atukọ̀ fẹ́ mọ̀ nípa Sébúlúnì? Hébérù lòun, ló fi dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn ikú Sólómọ́nì ni ilé pín sí méjì. Ẹ̀yà mẹ́wàá gba àríwá, wọ́n ń jẹ́ Ísírẹ́lì. Júdà di gúúsù mú pẹ̀lú Bẹ́ńjámínì, Jerúsálẹ́mù sì ni olú ìlú wọn. Ásíríà kó Samáríà, olú ìlú àríwá, ní 722 ṣáájú ìbí Jésù. Bábílónì sun Jerúsálẹ́mù ní 586, ó sì kó àwọn èèyàn ibẹ̀ nígbèkùn. Nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà ní kí àwọn tó bá fẹ́ máa lọ sílé, ilẹ̀ Júdà ni wọ́n padà sí, orúkọ ilẹ̀ yẹn ló sì mọ́ gbogbo wọn lára, títí kan àwọn tí kò padà. Bí Módékáì, ẹni tó tọ́ Ẹ́sítà dàgbà, ṣe di Júù nìyẹn. Ẹ́sítà 2:5 ní Júù ni, ẹsẹ yẹn kan náà sì ní ọmọ Bẹ́ńjámínì ni! Kò yẹ kíyẹn ṣòroó yé wa: àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè ní Yorùbá tẹ́lẹ̀, kí orúkọ náà tó wá kárí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Nígbà tó fi máa di Ẹ́sítà 8:17, ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ń di Júù. Orúkọ ẹ̀yà ti di orúkọ ẹ̀sìn pẹ̀lú, àlejò lè wọlé.

Ní ayé Pọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ tún ti yí díẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gágun Róòmù pé Júù ará Tásù lòun. Ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé Hébérù ọmọ Hébérù lòun. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Nínú Ìṣe 6, àwọn tó ń sọ Gíríìkì ń ráhùn sí àwọn Hébérù pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn dá tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Júù ni tọ̀tún-tòsì. Èdè àti àṣà ilé ló yà wọ́n.

Ó wá ku Jésù. Obìnrin ará Samáríà wò ó létí kànga, ó ní báwo ni ìwọ tí í ṣe Júù ṣe ń tọrọ omi lọ́wọ́ mi? Jésù ò já a nírọ́. Ní Jòhánù 4:22, òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn Júù ni ìgbàlà ti wá. Ọmọ mi, má fi ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní Jésù kì í ṣe Júù ṣeré. Ní 1939, ní Eisenach ní Jámánì, àwọn olórí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan dá ilé ìwádìí sílẹ̀ láti yọ ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ Júù kúrò nínú ìjọ. Walter Grundmann, ọ̀jọ̀gbọ́n Májẹ̀mú Tuntun, ló ṣáájú ìwádìí ibẹ̀. Ó kọ ọ́ síwèé pé ará Gálílì ni Jésù, kì í ṣe Júù. Ní 1940, wọ́n tẹ Májẹ̀mú Tuntun tiwọn, èyí tí wọ́n ti ha Júù kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọdún yẹn náà ni ìjọba Hitler pa Júù mílíọ̀nù 6. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ ọ́ ní kíláàsì yín, mo bẹ̀ ọ́, ṣí Jòhánù 4, kó o kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́.