Aago Mélòó Lo Mu Ẹmu Náà?

Gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tó o sáré kọjá bí ẹni tẹ iná mọ́lẹ̀: "Láàárọ̀ ni ẹlẹ́mu ń gbé e wá, ọkọ mi á sì ti mu tirẹ̀ kí n tó ti ọjà Balógun dé." Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Kí àwọn tó ń kà á lè bá wa lọ: ní gbogbo Sátidé, obìnrin yìí àti ọkọ rẹ̀ a máa tọ́ ọtí ìbílẹ̀ tí kò gbówó lórí wò nílé wọn ní Sùúrùlérè, wọ́n á kọ máàkì sínú ìwé, 10 ló pé. Ẹmu ọ̀pẹ, ògùrọ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àgàdàgídí nígbà tí wọ́n bá rí i. Ọkọ fún ẹmu ọ̀pẹ ní 9, ìyàwó fún un ní 3. Ọkọ ní ẹnu ìyàwó òun ò mọ ọtí, àbúrò ọkọ bá a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wá ń bi mí bí òun ṣe lè kọ́ ẹnu òun.

Ẹnu wo? Ẹnu rẹ ò ṣẹ̀.

Àbúrò mi, ẹmu kan náà kọ́ lẹ jọ ń mu. Omi ọ̀pẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń kán sínú kèrègbè ni ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Láàárọ̀, ó dùn, ó funfun bíi mílíìkì. Lọ́sàn-án, ó ti le. Aago 9 alẹ́ tí ìwọ wọlé, nínú ooru Èkó yìí, tí kẹ́ẹ̀gì wà nílẹ̀ láìsí iná fíríìjì, ó ti ń kan. Ẹmu kíkan lo mu, o sì sọ pé ó kan. 3 tó o kọ péye.

Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ẹ̀rí rẹ̀, o ò kàn wò ó ni: ẹ kì í jà lórí ẹmu inú ìgò, 6 lẹ̀yin méjèèjì fún un. Wọ́n ti gbé ìyẹn kaná, ìwúkàrà inú rẹ̀ ti kú. Bó ṣe rí láàárọ̀ ló ṣe rí lálẹ́.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé o ti ń pa máàkì rẹ rẹ́, o ń kọ 8, kí ilé lè rójú. Ta ló rán ọ? O dúró lórí ẹsẹ̀ látàárọ̀ nínú ọjà, o fara da sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland Bridge, o délé bá ìṣẹ́kù, o wá ń tọrọ àforíjì nítorí ahọ́n rẹ. Irú lẹ́tà yìí pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Obìnrin á kọ̀wé pé kí n bá òun tún ara òun ṣe, kò ní béèrè ohun tí wọ́n gbé ka iwájú òun.

N kò ní ọkọ rẹ burú. Bóyá òun náà ò ronú kan aago. Ṣùgbọ́n ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ó tún fi ọ́ ṣẹ̀sín lójú àbúrò rẹ̀. Ìyẹn dùn mí.

Kọ 3 yẹn padà síbi tó wà, kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹlẹ́mu máa wá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó o bá wà nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣí kẹ́ẹ̀gì títí ẹ ó fi jọ jókòó. Tí ọkọ rẹ kò bá lè dúró dè ọ́, tún kọ̀wé sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹmu kọ́ la ó jọ sọ nígbà náà.