Ṣé ìyà tí a fi ń gba ọmọ tuntun wọ ẹgbẹ́ léèwọ̀ bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà?

Ìbéèrè:

As-salaamu alaykum, Àlùfáà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ kan wà ní họ́sítẹ̀lì wa. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n. Bí àwọn jámbáìtì bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí, a máa ń jí wọn ní ààjìn òru, a ó gba fóònù wọn, wọn ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, wọn ó mu omi tí a fi ata, iyọ̀ àti epo pupa pò, a ó sì fi bẹ́líìtì nà wọ́n. Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ń ya fídíò. Ọmọkùnrin kan tí ikọ́ fée ń dà láàmú dákú mọ́ wa lọ́wọ́ lóru ọjọ́ náà. A bu omi sí i lára, ó jí, ṣùgbọ́n kò yà sí ọ̀dọ̀ wa mọ́ láti ìgbà náà. Gbogbo wa la ti búra pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni: àwa Mùsùlùmí gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbé e lé Bíbélì. Ní báyìí, èmi ni wọ́n yàn láti darí tọdún yìí. Àwọn ọmọ tuntun fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà. Ṣé ó ṣì léèwọ̀? Ìbúra mi ńkọ́?

Ìdáhùn:

Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah, ọmọ mi.

Ó léèwọ̀. Gbígbà tí wọ́n gbà kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ìbúra yẹn kò sì dè ọ́ láti bo ìkà mọ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí kí o lè rí oorun sùn lálẹ́ òní. Àlàyé rẹ̀ ló kàn.

Ohun tí ẹ̀ ń ṣe ní họ́sítẹ̀lì yín ti ṣẹlẹ̀ rí, nígbà ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó wà nínú Bukhari àti Muslim, ìwé hádíìsì méjì tó gba ọ̀rọ̀ Ànábì sílẹ̀, láti ẹnu Alíyù. Ànábì rán ikọ̀ ọmọ ogun kan lọ, ó fi ọkùnrin kan ṣe olórí wọn, ó sì pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀. Ìbínú mú olórí yìí lójú ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n ṣa igi jọ, wọ́n ṣa á. Ó ní kí wọ́n dáná sí i, wọ́n dá a. Ó wá ní, “Ó yá, ẹ kó wọ inú rẹ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Àwọn kan ti ń gbára dì láti bẹ́ sínú iná. Àwọn kan ní, “Iná yìí kúkú ni a sá fún tí a fi wá bá Ànábì. Ṣé a ó tún wá padà kó sínú rẹ̀ ni?” Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí iná fi kú, tí inú olórí náà sì rọ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní, “Ìbá ṣe pé wọ́n wọ inú rẹ̀ ni, wọn kì bá tí jáde kúrò níbẹ̀ mọ́. Nínú ohun tó dára nìkan ni à ti ń tẹ̀lé àṣẹ.”

Wo àwọn tó ń gbára dì yẹn dáadáa. Wọ́n gbà! Kò sí ẹni tó fi idà lé wọn lẹ́yìn. Síbẹ̀ Ànábì kò sọ pé, “Ṣebí àwọn fúnra wọn ló gbà.” Olórí tiwọn, Ànábì ló yàn án. Ta ló yan ààrẹ ẹgbẹ́ yín?

Irú ìtàn yìí wà nínú ìwé hádíìsì Ibn Majah pẹ̀lú, láti ẹnu Abu Saʿid al-Khudri, ibẹ̀ ni a sì ti gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ràn àwàdà ni olórí náà. Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ bẹ́ lóòótọ́, ó sáré ní, “Ẹ dúró, eré ni mò ń bá yín ṣe.” Eré! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín máa ń sọ náà nìyẹn bí ọmọ bá ti dákú. Ànábì ní ẹnikẹ́ni tó bá pa wọ́n láṣẹ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n má gbọ́ tirẹ̀.

Bí o bá ṣì fẹ́ di eré mú, gbọ́ èyí tó wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud. Àwọn Sàábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, wà lórí ìrìn-àjò pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sùn lọ, ẹnìkan rọra lọ mú okùn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ta jí, ẹ̀rù bà á. Ànábì ní, “Kò tọ́ fún Mùsùlùmí láti dẹ́rù ba Mùsùlùmí.” Okùn lásán ni o. Kò sí ata ńbẹ̀, kò sí bẹ́líìtì.

Ara tí ọmọ náà ní kì í ṣe tirẹ̀ tí ó lè yọ̀ǹda fún yín. Àmánà Ọlọ́hun ni, ohun tó fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ kí ó máa tọ́jú, Àlùkùránì sì sọ ní Súrà Nisā’i, ẹsẹ̀ 29, pé kí a má ṣe pa ara wa. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá ti mọ èyí. Lọ́dún 2011, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin kan tó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ olórin yunifásítì kan kú lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lù ú nínú bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ olórin ni o, àwọn tó ń fun fèrè tí wọ́n ń lu ìlù. Àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2005 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti sọ pé gbígbà tí ẹni náà gbà kì í ṣe àwíjàre, àwọn kan sì ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà.

Irú gbígbà wo tilẹ̀ ni? Ọmọ ọdún 17 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí wọ họ́sítẹ̀lì, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, tí kò ní ọ̀rẹ́ kankan, ẹ̀yin ẹni ogún dúró yí i ká ní aago méjì òru, ẹ ní ṣé ó gbà. Kí lo fẹ́ kí ó wí?

O béèrè bóyá ó ṣì léèwọ̀, ó ń fi hàn pé nǹkan kan ti ń gún ọ láyà. Má pa á mọ́ra. Ànábì sọ nínú Muslim pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tó ń rú ọ lọ́kàn, tí o kò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí. Èyí ni mo fi ń yẹ irú nǹkan báyìí wò. Ṣé ẹ lè ṣe é ní ọ̀sán gangan, kí ìyá ọmọ náà fi àga jókòó síbẹ̀ kí ó máa wò yín? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ti mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe. Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Kí ló wà nínú omi tí ẹ kì í sọ fún ẹni tó máa mu ún? Kí ló dé tí ẹ fi gba fóònù gbogbo wọn, tó wá jẹ́ pé tìrẹ nìkan ló ń tan iná? Fídíò yẹn, ọmọ mi, okùn ni ẹ so mọ́ wọn lọ́rùn, kí ẹnu wọn lè wọhò.

Bí ẹ bá ní kí ọmọ tuntun kọ́ orin ẹgbẹ́, kí ó bá yín gbá gbọ̀ngàn tí ẹ̀yin náà sì mú ìgbálẹ̀, kí ó bá yín sáré ní òwúrọ̀ tí ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó, n kò ní sọ pé ìyẹn léèwọ̀. Àgbà a máa rán ọmọdé níṣẹ́. Wọ́n sì máa ń pa á lówe pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi tòsì fà á mọ́ra. Lóru yẹn, níbo lọ́wọ́ òsì yín wà?

Kí n má ṣe bí ẹni pé èmi mọ́. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ru omi fún sìníọ̀ mi títí irun fi já ní àtàrí mi. Nígbà tó kàn mí, èmi náà mú ọmọ kan kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì láti ìgbà tí a jẹun alẹ́ tán títí iná fi kú, nítorí pé ó dà gàrí mi nù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Sìníọ̀.” Kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kò gbàgbé, pé gàrí yẹn ṣì wà lọ́rùn mi. Àwa àlùfáà ilé kéwú náà ní ẹjọ́ tiwa láti rò lórí pàṣán, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

O ní kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Mo gbà ọ́ gbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje tó dá Pyrates sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1952, ẹgbẹ́ tí yóò tako ìwà ọmọ olówó tó ń fara wé òyìnbó ni wọ́n ní àwọn dá. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wá jáde lẹ́yìn wọn, ìbúra òru àti ìyà ìwọlé sì di nǹkan tí wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ní July 10, 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lórí, ó sì fi ọdún 15 lé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún ìpàdé wọn. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń na ẹni tó kúnlẹ̀ láìwojú, kò ṣòro kí wọ́n rí i lò fún nǹkan mìíràn.

Ó ku ìbúra. Súrà Baqara, ẹsẹ̀ 224: Ọlọ́hun ní kí a má fi Òun ṣe ìdènà, nínú ìbúra wa, sí ṣíṣe rere àti títún àárín ènìyàn ṣe. Ànábì náà sọ nínú Muslim pé ẹni tó bá búra lórí nǹkan, tó wá rí i pé òdì-kejì rẹ̀ ló dára jù, kí ó ṣe èyí tó dára, kí ó sì ṣe ìtánràn ìbúra rẹ̀. Ìbúra tí a gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì ṣe, a kì í fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ìwé tó o gbé ọwọ́ lé yẹn gan-an ló sọ ìtánràn rẹ̀ fún ọ, ní Súrà Mā’ida, ẹsẹ̀ 89: bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí o fún wọn láṣọ, tàbí kí o dá ẹrú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní agbára, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nínú mẹ́síhábù Màlíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, múdù oúnjẹ kan ni fún tálákà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjì tí a pa pọ̀. Kì í ṣe mùdù tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà o, kí o má lọ jẹ gbèsè. Bí ó bá sì jẹ́ pé abẹ́ bẹ́líìtì lo wà nígbà tó o búra, àwọn onímọ̀ Màlíkì ní ìbúra ẹni tí wọ́n fi ipá mú kò dè é. Síbẹ̀, bí agbára rẹ bá ká a, ṣe ìtánràn náà kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Wàyí o, wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí. Lò ó. Sọ fún wọn pé kò sí ti òru mọ́ lọ́dún yìí. Nígbà tí àwọn Mùhájírùn, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà, dé Mẹ̀dínà láìní nǹkan kan lọ́wọ́, Ànábì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn onílé ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Saʿd ọmọ ar-Rabīʿ ní òun yóò pín dúkìá òun sí méjì fún Abdur-Rahman ọmọ Awf. Ìyẹn ní kí Ọlọ́hun bù sí i fún un, kí ó ṣáà júwe ọjà fún òun. Bí wọ́n ṣe gba àlejò nìyẹn. Àwọn jámbáìtì yín náà ń wá ọjà: ẹni tí yóò bá wọn tò sí ìlà ìforúkọsílẹ̀, tí yóò fún wọn ní ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, tí yóò fi ibi tí omi wà hàn wọ́n. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá kọ̀, fi ipò náà sílẹ̀, kí o lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí ìmáàmù mọ́sálásí ilé-ìwé yín bá ọ lọ. Má dá lọ o. Bí o bá gbọ́ pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, má dojú kọ wọ́n rárá. Kúrò ní họ́sítẹ̀lì ná, jẹ́ kí àwọn òbí rẹ gbọ́.

Má fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́, má sì tíì pa á rẹ́. Ara ọmọ yẹn ló wà níbẹ̀, òun ni kí o bi léèrè ohun tó fẹ́ kí o ṣe sí i, bóyá òun náà fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Ànábì ní ẹni tó bá ṣe àbòsí sí arákùnrin rẹ̀, kí ó wá ìdáríjì rẹ̀ lónìí, kí ó tó di ọjọ́ tí kò ní sí owó dínárì tàbí dírámù. Torí náà, kí o tó bá ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú yẹn ni kí o kọ́kọ́ pè. Bí kò bá gbé e, má bínú. Tún pè é lọ́la.